Orúnkún Tó Bẹ̀bẹ̀

Ìgbẹ́ gbuuru ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé kò bójú mu kí tíṣà fi ìgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwé, ṣùgbọ́n bí n kò bá fi í ṣáájú, ẹ ó gbàgbé rẹ̀ bí gbogbo ènìyàn ṣe gbàgbé rẹ̀, ẹ ó sì máa wò mí bí wọ́n ṣe ń wò mí nílé ọkọ mi ní Osi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sọ́kàn.

Ìsìnkú ni a lọ ṣe ní Eruku. Àbúrò ìyá ọkọ mi ló kú, àgbẹ̀ tó ti dàgbà dáadáa, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti Èkó àti Àbújá dé pẹ̀lú mọ́tò àti ariwo. Ọkọ mi náà ti Àbújá dé. Ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Àfi ọdún, àfi òkú, ni a fi ń rí i nílé. Wọ́n pa màlúù lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn ìdúpẹ́, wọ́n bu ẹran tó ṣẹ́ kù fún àwa ará ilé. Ọbẹ̀ náà ti wà nínú ìkòkò láti ọjọ́ Ẹtì, iná tí wọ́n sì tún dá sí i kò ju kí ó lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo sì jẹ ẹ́. Ìyàwó ilé kì í kọ oúnjẹ òkú àna rẹ̀. Bó bá kọ̀ ọ́, wọ́n á ní ó ń ṣe fọ́ńté, tàbí kí wọ́n ní ó ń fura sí ẹbí ọkọ, èyí tó burú ju fọ́ńté lọ.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́, gbogbo wa ti ń jìjàdù ilé ìgbọ̀nsẹ̀: èmi, ọkọ mi, ìyá rẹ̀, àti àwọn ìbátan tí n kò mọ orúkọ wọn. Tèmi ló le jù, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, inú sì ń lọ́ mi débi pé mo ń di ilẹ̀kùn mú. A mu omi iyọ̀ àti ṣúgà títí. Lọ́jọ́ kẹrin ó lọ. A tilẹ̀ fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé bàbá tó kú kò fẹ́ kí a jẹ màlúù òun gbé. Ọkọ mi padà sí Àbújá, èmi padà sí kíláàsì mi, ọ̀rọ̀ náà sì tán lójú gbogbo wa.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì lówùúrọ̀, ó dà bíi pé mo tẹ ẹ̀gún ọsàn. Gìgísẹ̀ ló ń dùn mí. Mo rò pé bàtà ni. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, orúnkún ọ̀tún wú, lẹ́yìn náà ọrùn ẹsẹ̀ òsì. Orúnkún náà gbóná lọ́wọ́, kò ṣe é ká, kò ṣe é nà tán. Bí mo bá jókòó fún wákàtí kan, mo ní láti di tábìlì mú kí n tó lè dìde, àwọn ọmọ kíláàsì mi á sì máa kà á, “Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, gbéra!” Èmi náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Nígbà tí ojú mi pọ́n, ẹ̀rín tán. Wọ́n ní àpólò ni. Àwọn ọmọ ń sá fún mi, ọ̀gá ilé ìwé wa sì ní kí n lọ sílé kí n má baà kó o ràn wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Ojú, orúnkún, ìtọ̀: kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé ìyá kan náà ló bí wọn. Èmi fúnra mi rò pé ẹnì kan ti fi mí ṣe nǹkan. Mo ń ka àwọn tí mo ti bá ṣe gbólóhùn asọ̀ lọ́kàn, mo sì rí i pé wọ́n pọ̀.

Mo lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ta oògùn nítòsí ilé wa. Dókítà ni a ń pè é, nítorí pé ó ń gún wa lábẹ́rẹ́, ó sì ń bá wa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Orúnkún ni mo lọ fi hàn án. Ó wo orúnkún, ó wo ojú mi, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

“Tíṣà, ẹ má bínú o. Ṣé ìtọ̀ kè é ta yín?”

Kí ló dé tí n kò purọ́? Ìbéèrè tí mo ń bi ara mi láti ọjọ́ náà nìyẹn. Mo ní ó ń ta mí.

Ó ní àtọ̀sí ni, ó ti wọ eegun. Ó gún mi lábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ó fún mi ní kápúsù lé e, ó sì kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ sùn ti ọkọ mi títí òun náà yóò fi gba tirẹ̀. Ẹgbẹ́ ni òun àti ọkọ mi, ilé ìwé kan náà ni wọ́n lọ. Kò sọ fún ẹlòmíràn. Ọkọ mi nìkan ló pè lórí fóònù pé kó wá gba abẹ́rẹ́, nítorí pé àìsàn yẹn, ènìyàn méjì la ń wò pọ̀ fún un. Kò ní ìkà nínú. Mo ti wá ìkà náà kiri nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí n lè rí ẹni bínú sí dáadáa, n kò rí i.

Ọkọ mi dé lọ́jọ́ Ẹtì. Kò jẹun, kò bọ́ bàtà. Ó ní òun ti lọ ṣe àyẹ̀wò ní Àbújá, wọn kò rí nǹkan kan lára òun, ta ló wá kó o ràn mí? Mo ní kò sẹ́ni tó kó nǹkan ràn mí. Ó ní ṣé afẹ́fẹ́ ló gbé e wá ni. Mo ní n kò mọ̀. Òótọ́ ni mo sọ, n kò mọ̀, ṣùgbọ́n létí ọkùnrin tí inú ń bí, “n kò mọ̀” àti “mo ṣe é” kò jìnnà síra wọn. N kò bi í léèrè ibi tí òun náà ń sùn ní Àbújá. Wọ́n ti kọ́ wa pé bí wọ́n bá ń bá ẹnì kan wí, kò gbọdọ̀ bi ẹni tó ń bá a wí ní ìbéèrè.

Ó ranṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, olórí ẹbí wọn, pé kó wá lọ́jọ́ kejì. Bí olórí ẹbí bá wá jókòó sórí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà méjì ló wà: kí obìnrin bẹ̀bẹ̀ kí ó sì dúró, tàbí kí ó kó ẹrù rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, àbíkẹ́yìn kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Bí mo bá lọ, ilé bàbá wọn ni wọn yóò wà. Mo mọ èyí, wọ́n sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyá ọkọ mi wọ yàrá mi pẹ̀lú òróró gbígbóná nínú abọ́. Obìnrin náà fẹ́ràn mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba, nítorí pé ohun tó ṣe lẹ́yìn èyí, ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń fi òróró pa orúnkún mi, èmi sì ń gé ètè jẹ nítorí ìrora.

“Ùyàwó mi, bẹ̀ ẹ́,” ló wí.

“Màámi, n kò ṣe nǹkan kan.”

“Mọ mọ̀. Ọ ṣe é o, ọ kè ṣe é o, bẹ̀ ẹ́. Ulé ọkọ kè é ṣe kóòtù. A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ohun tí mọ bẹ bàbá rẹ̀ fún ní ulé yìí, tí mọ kè mọ̀dí rẹ̀, ọ́ tó mẹ́rin. Mọ kúnlẹ̀, ọ́ tán. Ulé ni mọ wò.”

Mo wò ó. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó tọ́ ọmọ mẹ́fà nínú ilé náà, tí gbogbo Osi ń bọ̀wọ̀ fún. Mo rò pé bó bá lè ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin, èmi náà lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n pè mí sí pálọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Olórí ẹbí sọ̀rọ̀ pẹ́, ó sọ̀rọ̀ dáadáa, kò bú mi. Nígbà tó ní kí n fèsì, mo di apá àga mú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Orúnkún tí kò tíì ká láti ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ń ká. Mo gbọ́ nǹkan tó rọ́ nínú rẹ̀. Igbe tó bọ́ lẹ́nu mi, n kò mọ ibi tó ti wá. Omijé sì tẹ̀ lé e, kò sí ohun tí mo lè fi dá a dúró. Nínú igbe yẹn ni mo ti ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.” N kò sọ pé nítorí kí ni. Mo rò pé mo gbọ́n, pé mo ti bẹ̀bẹ̀ láì jẹ́wọ́.

Ta ló wá fẹ́ wá ìyàtọ̀ sáàrin ẹ̀bẹ̀ àti ìjẹ́wọ́? Ohun tí wọ́n rí ni obìnrin tó ń wa ẹkún mu lórí orúnkún. Olórí ẹbí ní, “Ọ́ ti ronú pìwà dà, ẹ rí i.” Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Bàbá náà kì í gba àdúrà kékeré. Láti orí bàbá ńlá wọn títí dé orí ọmọ tí a kò tíì bí, èmi wà lórí ilẹ̀ símẹ́ńtì pẹ̀lú gbogbo ìwúwo mi lórí orúnkún tó ń jó bí iná. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín tán, n kò lè dìde. Ọkọ mi ló gbé mi wọ yàrá. Ó rọra gbé mi ni, ó sì fi aṣọ bò mí. Mo ní lọ́kàn ara mi pé Màámi mà sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ ti tán.

N kò rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn. Màámi gbé mi lọ sí ọsibítù ní Ìlọ́fà, wọ́n wò mí, wọ́n ní kí a máa lọ sí Ìlọrin. Ní Ìlọrin, dókítà obìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ fi abẹ́rẹ́ fa omi kúrò nínú orúnkún mi, omi yẹ́lò, ó kún ìgò kékeré kan. Ó ń kọ̀wé lọ, kò tilẹ̀ gbójú sókè, ó wá ní:

“Mọ́mì, kí èyí tó bẹ̀rẹ̀, ṣé ẹ ya ìgbẹ́ gbuuru?”

Ẹnu ya mí. Láti oṣù méjì tí gbogbo ayé ti ń bi mí ní ìbéèrè, kò sí ẹni tó bi mí ní èyí. Mo sọ ti ìsìnkú, mo sọ ti ẹran, mo sọ ti ẹ̀jẹ̀. Ó fi bírò sílẹ̀, ó sì ṣàlàyé. Ó ní kòkòrò àìsàn ló gba inú oúnjẹ wọ ìfun mi. Ara mi bá a jà, ó borí rẹ̀, ìgbẹ́ dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun ara kò gbọ́ pé ogun ti parí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, wọ́n kọjú sí oríkèé, wọ́n kọjú sí ojú, wọ́n kọjú sí ọ̀nà ìtọ̀. Kò sí kòkòrò kankan nínú orúnkún náà mọ́; ara mi ló ń na ara mi. Kì í ràn. Kì í ṣe àpólò, kì í ṣe làkúrègbé àgbàlagbà, kì í ṣe ọwọ́ ayé.

Màámi tó jókòó tì mí gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. “Hin-ìn! Ẹran ní Eruku!”

Mo ní kí dókítà náà kọ ọ́ sínú ìwé fún mi pé kì í ṣe àtọ̀sí. Ó wò mí. Mo rò pé ó ti rí irú mi rí.

“Mọ́mì, n kò ní purọ́ fún yín,” ló wí. “Nígbà mìíràn, àìsàn ojú ara, bí àtọ̀sí, náà lè fa irú èyí. Àyẹ̀wò yín kò fi nǹkan kan hàn. Ṣùgbọ́n ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún. Bó bá tilẹ̀ wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ yẹn á ti pa á. Èmi gbà pé ìgbẹ́ yẹn ló fà á, ohun tí mo lè kọ nìyẹn: mo gbà bẹ́ẹ̀. N kò lè kọ pé mo mọ̀.”

Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Wọn kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí òtítọ́ bá lé e bá tán, tó wá ń ṣe kámikàmìkámi. Ọkùnrin tó gún mi lábẹ́rẹ́ ti pa ẹlẹ́rìí tí ì bá dá mi láre, èmi sì ti fẹnu ara mi tọrọ ìdáríjì.

Nígbà tí a padà délé, Màámi ló kọ́kọ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ ọ́. Mo gbọ́ wọn láti yàrá. Ó fọhùn gíga, ó sọ ti ẹran, ó sọ ti ìgbẹ́, ó ní òun fúnra òun ló ní kí n bẹ̀bẹ̀. Ọkọ mi kò bínú. Ó ní, “Màámi, gbogbo wa la jẹ ẹran yẹn. Èmi yàgbẹ́, ẹ̀yin yàgbẹ́. Orúnkún tèmi dà? Orúnkún tiyín dà?” Dókítà ti dáhùn ìyẹn: kì í ṣe gbogbo ara ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí a ṣe bí ẹlòmíràn ni. Màámi sọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n lẹ́nu rẹ̀ ó dà bí ohun tí ìyá ń sọ láti gba ẹnì kan sílẹ̀. Ọkọ mi wá ní, “Ẹni tí kò ṣe nǹkan, kí ló ń bẹ̀bẹ̀ fún?” Obìnrin tó ti bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́fẹ̀ẹ́, kí ni yóò sọ?

Ọdún méjì ti kọjá. Dókítà ní ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bọ́ nínú rẹ̀ kí ọdún tó yí po, àwọn díẹ̀ kì í tètè bọ́. Àwọn díẹ̀ ni mo bọ́ sí. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ bí àlejò tí a kò pè. Mo ti mọ ìwà rẹ̀ báyìí. Òwúrọ̀ ló ń gan jù, nítorí náà mo máa ń fi aṣọ tí mo rì sínú omi gbígbóná wé orúnkún kí n tó sọ̀kalẹ̀. Ọjọ́ tó bá wú tó gbóná, omi tútù ni. Oògùn rẹ̀ kò ṣe é lò láìjẹun. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, inú mi ta bí ata. Wọ́n kọ́ mi ní eré ìdárayá ní Ìlọrin: kí n dùbúlẹ̀, kí n ká táwẹ̀lì sábẹ́ orúnkún, kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí n kà dé mẹ́wàá, kí n tú u sílẹ̀. Wọ́n ní bí mo bá fi ìrora ṣe àwáwí tí mo dùbúlẹ̀ gbalaja, oríkèé á gan pátápátá; bí mo bá sì fi agídí lò ó lọ́jọ́ tó wú, yóò tún bàjẹ́ sí i. Wọ́n ní ìkúnlẹ̀ ọjọ́ yẹn kò ràn án lọ́wọ́ rárá. Bí ojú bá tún pọ́n, kí n má ra oògùn àpólò, kí n tètè wá, nítorí ojú lè fọ́. Mo ń fọ ọwọ́ débi pé àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, n kì í sì í jẹ ọbẹ̀ àná tí kò bá tún hó nínú iná lójú mi. Nígbà tí mo kọ oúnjẹ níbi òkú kan ní Obbo-Ilé, wọ́n ní mo ti ń gbéra ga. Wọ́n ti sọ èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ sí mi, nítorí náà kò dùn mí.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọkọ mi ń tọ́jú mi. Bó bá wálé, òun ló ń wa mọ́tò gbé mi lọ sí Ìlọrin, òun ló ń rántí àkókò oògùn. Yàrá kejì ló ń sùn. Ó ní kí ẹsẹ̀ mi lè rí àyè nà ni. Àwọn ènìyàn ń yìn ín, wọ́n ní ọkọ rere ni, irú wọn kò wọ́pọ̀ mọ́. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ká ní ó ń lù mí ni, ǹ bá mọ ohun tí mo lè bá a jà lé lórí.

Níbi ọdún Àjíǹde tó kọjá, a ń bọ̀ láti ọsibítù, àwa méjì nìkan la wà nínú mọ́tò. A ti kọjá Omù-Àrán. Ara mi yá díẹ̀ lọ́jọ́ náà, dókítà ti ní wíwú náà ń dínkù, bóyá òun ló kì mí láyà. Mo ní, “Mo fẹ́ bi yín ní ohun kan ṣoṣo. Ṣé ẹ gbà pé n kò ṣe é?”

Ó dín eré kù nítorí gọ́tà tó gé ọ̀nà, ó sì rọra gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá kí mọ́tò má baà gbọ̀n mí lórúnkún. Ó wá na ọwọ́ ọ̀tún, ó gbé e lé ọwọ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́. Ojú rẹ̀ rọ̀, kò sí ìbínú kankan nínú rẹ̀.

“Ìwọ náà,” ló wí. “Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣì wà lọ́kàn rẹ láti ọjọ́ yìí? Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́.”

Mo ní, “Ẹ ṣé.”